Ẹ Tilẹ̀kùn, Kí Òtútù Má Jáde

“Ẹ rọra o! Bẹ́ẹ̀dì Màmá ló wà lábẹ́ yín yẹn!”

Jẹ́jẹ́, oníṣẹ́ ẹ̀rọ, ni Télọ̀ ń pariwo mọ́. Orí àkàbà ni ọkùnrin náà wà, ó fi apá méjèèjì gbá ẹ̀rọ amúlétutù ògbólógbòó náà mọ́ àyà bí ẹni tó gbé ọmọ tó ti sùn, omi dúdú sì ń ti inú rẹ̀ kán tó, tó, tó sórí ọ̀rá tí wọ́n tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Níbi tí ó ti gbé e kúrò lára ògiri, eruku, òwú aláǹtakùn àti ihò ìṣó ló kù. Ooru sì gba ihò páìpù wọlé. Kò kan ilẹ̀kùn, kò kí ẹnikẹ́ni, ó kàn wọlé wá jókòó ni.

Télọ̀ fi etí aṣọ nu ojú. Télọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé yàrá iwájú ilé náà ló ti ń ránṣọ, ó sì ti pẹ́ tí orúkọ iṣẹ́ ti gbé orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ mì. Bó ṣe ń nu ojú, aago ara ògiri ló ń wò. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti pè é láàárọ̀: “Àǹtí mi, mò ń bọ̀ lọ́sàn-án òní o. Mo fẹ́ wá wo Màmá.” Ohun tó sọ kò ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n Télọ̀ mọ èyí tí kò sọ.

Lọ́jọ́sí tí ẹ̀rọ yìí daṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé Màmá dé. Ọkàn Màmá kò lágbára mọ́. Dókítà ní ooru ni ọ̀tá rẹ̀, pé kí wọ́n má jẹ́ kó mú un rárá. Níwájú gbogbo ẹbí, àbúrò Télọ̀ dìde, ó ní, “Bí mo bá tún dé ilé yìí tí mo bá yàrá Màmá ní gbígbóná, mò ń gbé ìyá mi lọ sílé mi nìyẹn. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà.” Inú bí Télọ̀ débi pé kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó dáhùn: “Mo gbà! Bó o bá bá a ní gbígbóná, máa gbé wọn lọ!” Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Kò sí bí ó ṣe máa ṣà á.

Kì í ṣe pé kò ra ẹ̀rọ tuntun. Ó rà á. Inú páálí rẹ̀ ló wà ní yàrá ìránṣọ, tí Télọ̀ ń kó aṣọ oníbàárà lé lórí, tó sì ti sọ ọ́ di tábìlì. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í, á ní, “Èyí tó wà lókè yẹn ṣì ń mí, ẹ jẹ́ ká máa lò ó lọ ná.” Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ẹ̀rù ló ń bà á. Bí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, àfi kí wọ́n ṣí yàrá Màmá sílẹ̀ gbayawu láti àárọ̀. Ta ló máa dá irú ìyẹn láṣà? Ó ń sún un síwájú, ó ń sún un síwájú, títí ẹ̀rọ náà fi kú ní ìdájí òní láìdágbére, lọ́jọ́ tí àbúrò rẹ̀ sì ń bọ̀.

Ọkọ Télọ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí wà lókèèrè. Màmá nìkan ló kù tó ń pe orúkọ rẹ̀ gan-an nínú ilé yẹn. Bí wọ́n bá gbé Màmá lọ, maṣíìnì ìránṣọ ni yóò máa bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

“Ẹ̀yin Jẹ́jẹ́, ẹ bá mi yára.”

“Mò ń yára, Àǹtí.”

Yára ọ̀hún nìyẹn. Wọ́n máa ń sọ ládùúgbò pé bí ilé Jẹ́jẹ́ bá ń jó, á kọ́kọ́ ká aṣọ rẹ̀ nígun mẹ́rin kó tó sá jáde. Ó gbé ẹ̀rọ àtijọ́ náà kalẹ̀, ó nu ọwọ́, ó mu omi, ó wo ògiri títí bí ẹni pé ògiri fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá ló tú páálí tuntun náà, ó mú rìmóòtù rẹ̀ jáde, ó fi àwòrán oòrùn kékeré kan han Télọ̀.

“Èyí tún lè mú ilé gbóná, bí òtútù bá ń mú yín.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ibẹ̀ yẹn sílẹ̀. Ìyẹn la ti ń jẹ lọ́fẹ̀ẹ́.”

Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín. Télọ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ti gbé Màmá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n fi í jókòó sórí àga onítìmùtìmù lẹ́bàá ilẹ̀kùn ìta, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí i. Atẹ́gùn wo? Atẹ́gùn ọjọ́ yẹn dà bí èémí ẹni tó ń jẹ ata. Ojú ọ̀run ṣú, òjò ò rọ̀. Aṣọ tí Télọ̀ sá láti àná kò tíì gbẹ. Fáànù kékeré kan ń yí lẹ́sẹ̀ Màmá, aṣọ tútù sì wà lọ́rùn rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí aṣọ náà bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni Télọ̀ ń sáré rẹ ẹ́ sómi.

“Àbúrò rẹ ò tíì dé?” Màmá béèrè.

“Kò tíì dé, Màmá. Ẹ má fòyà. Ẹ̀rọ á ti ṣiṣẹ́ kó tó dé.”

Màmá mi orí, ó kọjú síta. Ọkùnrin tó ń kó ìdọ̀tí ládùúgbò ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá, ó rí i, ó dúró gbagidi.

“Háà! Màmá! Ẹ̀yin rèé? A rò pé ẹ ti kó kúrò ládùúgbò ni!”

“Kó lọ síbo?” ni Màmá fèsì. “Inú fíríìjì ni wọ́n tọ́jú mi sí.”

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, Màmá náà sì rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Télọ̀ gbọ́ ẹ̀rín náà láti inú yàrá. Ó dúpẹ́. Ó ní bí Màmá bá ṣì lè rẹ́rìn-ín báyìí, a jẹ́ pé agbára ṣì wà, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ aago wíwò.

Ọ̀rọ̀ fíríìjì yẹn kì í ṣe àwàdà lásán. Bí agbára ẹ̀rọ ògbólógbòó náà ti ń dín kù ni òfin ilé ń le sí i. Lákọ̀ọ́kọ́, ilẹ̀kùn yàrá nìkan ni wọ́n ń tì. Nígbà tó yá, Télọ̀ rán kọ́tìnnì onípele-méjì sójú fèrèsé, Màmá ò rí ìta mọ́. Lẹ́yìn náà ló ká aṣọ ìnura sí abẹ́ ilẹ̀kùn. Ó wá kan àwọn àlejò. “Ẹ yára wọlé, ẹ tilẹ̀kùn, kí òtútù má jáde.” Wọn ò tíì jókòó dáadáa tí Télọ̀ á tún yọjú: “Ẹ jẹ́ kí Màmá sinmi.” Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ó yé àwọn àlejò, wọ́n dẹ́kun wíwá. Télọ̀ kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á bẹ́.

Jẹ́jẹ́ kan ẹ̀rọ tuntun mọ́ ògiri. Ó gbé ìkejì rẹ̀ kalẹ̀ síta lẹ́yìn fèrèsé. Ó fa páìpù bàbà tuntun, ó so ó pọ̀ ní ìhín, ó so ó pọ̀ ní ọ̀hún, ó fi sípánà fún nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan. Télọ̀ ti gbé rìmóòtù dání. Àfi bí Jẹ́jẹ́ ṣe tún lọ gbé ẹ̀rọ kékeré kan wá láti inú ọkọ̀ rẹ̀, ó so rọ́bà rẹ̀ mọ́ páìpù, ó tan án. Ó ń kùn.

“Kí tún lèyí?”

“Ó ń fa afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde ni. Afẹ́fẹ́ irú ọjọ́ òní, omi ló kún inú rẹ̀. Bí omi yẹn bá kù síbẹ̀ kí n tó tú gáàsì sí i, tuntun yìí á máa wúkọ́ bíi ti àtijọ́.”

“Ìgbà wo ló máa parí?”

Jẹ́jẹ́ nawọ́ sí gééjì bí aago kékeré tó wà lára rọ́bà. “Ìgbà tí ọwọ́ yìí bá lọ sílẹ̀ pátápátá, tí mo pa ẹ̀rọ yìí, tí kò sì gòkè mọ́.”

Télọ̀ wo aago. Ọ̀sán ti pọ́n. “Ẹ̀yin Jẹ́jẹ́, mo bẹ̀ yín ní orúkọ Ọlọ́run. Ẹ tú gáàsì sí i báyìí. Ẹ padà wá fà á lọ́la.”

“Àǹtí, ṣé a máa ń se ọbẹ̀ tán ká tó wá fọ ìkòkò ni?”

“Ìyá mi ń làágùn, ẹ ń kọ́ mi lọ́bẹ̀ sísè!”

“Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú...”

“Ẹ fi òwe yẹn sápò, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fi sápò!”

Ariwo yìí ló gbé obìnrin tó ń gbé ní ilé ọ̀kánkán jáde. Rédíò ni wọ́n ń pè é, kò sì sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ó sọdá, ó wo Màmá, ó káwọ́ lé orí.

“Yéè! Télọ̀, wo bí Màmá ṣe ń làágùn! Ẹ gbé wọn wá sọ́dọ̀ mi jàre. Yàrá mi tutù nini. Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ. Mo ní ìròyìn tí ẹ ò tíì gbọ́.”

Ọwọ́ Màmá ti wà lára apá àga. Ó ti fẹ́ dìde. Télọ̀ rí i kedere. Ṣùgbọ́n ohun tó wá sí i lọ́kàn ni pé Rédíò ní nọ́ńbà fóònù àbúrò òun. Bí Màmá bá wọ ilé Rédíò, kí omi tó hó lórí iná, àbúrò òun á ti gbọ́ pé inú ilé Télọ̀ ò ṣeé gbé. Ó di ọwọ́ Màmá mú, ó rọra gbé e kúrò lára apá àga padà sórí itan rẹ̀.

“Ẹ ṣeun, Ìyá Rédíò. Ó ti fẹ́ parí.”

Irọ́ ni. Màmá wo ọmọ rẹ̀, ó wo Rédíò, ó padà fẹ̀yìn ti àga.

Nígbà tí Télọ̀ padà sí yàrá, Jẹ́jẹ́ ti pa ẹ̀rọ kékeré náà, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú gééjì, kò mira. Ọwọ́ gééjì náà dúró. Ó tún dúró. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, díẹ̀díẹ̀.

“Ibì kan ń jò,” Jẹ́jẹ́ wí.

“Kí lẹ wí?”

“Ó ń jò níbì kan. Mo gbọ́dọ̀ wá a, kí n dí i, kí n tún un fà láti ìbẹ̀rẹ̀.”

“Mo gbé! Jẹ́jẹ́, ẹ ti pa mí!” Télọ̀ gbá àyà mú. Ó fẹ́ bú u, ó fẹ́ sunkún, ó fẹ́ já rọ́bà náà dànù. Jẹ́jẹ́ ti ń po ọṣẹ sómi ní tiẹ̀, ó ń fi kànìnkànìn nu ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ibi tí yóò ti hó. Télọ̀ dúró tì í, ó ń na ìka sí ibí, ó ń na ìka sí ọ̀hún, títí ìfófòó fi yọ lábẹ́ nọ́ọ̀tì kan lẹ́yìn fèrèsé. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó rí owó he. Ó sáré lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti lọ sọ fún Màmá.

“Màmá, wọ́n ti rí i! Kò ní pẹ́ mọ́!”

Màmá ti sorí kodò. Aṣọ ọrùn rẹ̀ ti já bọ́ sílẹ̀. Ètè rẹ̀ funfun, àyà rẹ̀ ń sáré sókè sódò, àmọ́ èémí ọ̀hún ò dé ibì kan.

“Màmá? Màmá!”

Màmá la ojú díẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ohùn kò jáde.

Ìgbà yẹn ni ojú Télọ̀ là. Ilé tútù kan wà ní ìsọdá títì, kò tó ìrìn ogún ẹsẹ̀, òun ló di ọwọ́ ìyá òun mú pé kó má lọ. Nítorí kí ni? Ìtìjú gbóná lára rẹ̀ ju ooru lọ.

“Ìyá Rédíò! Ẹ gbà mí o! Jẹ́jẹ́!”

Jẹ́jẹ́ sáré. Kò sẹ́ni tó ti rí i rí ládùúgbò pé ó sáré, ṣùgbọ́n ó ju sípánà sílẹ̀, ó fò, ó gbé Màmá tòun ti àga. Rédíò ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ dè wọ́n. Wọ́n tẹ́ Màmá sórí àga gbọọrọ nínú yàrá tútù náà, wọ́n tú aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń fi omi nu ún lọ́rùn àti lábíyá. Rédíò pe nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn orí kọ́nà, ó dé wéré, ó fi ìrọ̀rùn yẹ àyà Màmá wò, ó fún un lóògùn rẹ̀ tó yẹ kó ti lò láti ọ̀sán. Wọ́n ń wò ó. Rédíò pàápàá gbàgbé ìròyìn rẹ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí àyà Màmá tó rọlẹ̀. “Wọ́n á yè é,” nọ́ọ̀sì sọ. “Kò tilẹ̀ sídìí láti gbé wọn lọ síbì kan. Kí wọ́n ṣáà wà níbi tó bá tutù, kí wọ́n sì máa mu omi.”

Télọ̀ jáde síta, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó pe àbúrò rẹ̀ fúnra rẹ̀. “Ilé Rédíò ni kó o wá. Ẹ̀rọ bàjẹ́ láàárọ̀. Mi ò sọ fún ọ. Màmá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú mọ́ mi lọ́wọ́.”

Àbúrò rẹ̀ dé, kò pariwo. Bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé ìwé ló ń wà láàárín ọ̀sẹ̀, ó ti mọ bí èèyàn ṣe ń mú sùúrù. Ó lóṣòó síwájú ìyá rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Nígbà yẹn, Màmá ti jókòó dìde díẹ̀, Rédíò sì ti bẹ̀rẹ̀ ìròyìn: ta ló gbéyàwó, ta ló kó kúrò, ọmọ ta ló wọ iléèwé gíga. “Irọ́ lo ń pa!” ni Màmá ń sọ. “Ọmọ kékeré yẹn?” Ó ń béèrè orí, ó ń béèrè ìrù. Télọ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò lè gbé ojú wo àbúrò rẹ̀. Ó ń dúró kó sọ pé òun ń gbé Màmá lọ. Kó kúkú sọ ọ́, kó tán.

Ilẹ̀ ti ń tutù nígbà tí Jẹ́jẹ́ yọjú. Ara rẹ̀ rin gbindin fún òógùn.

“Àǹtí, ẹ wá wò ó.”

Yàrá Màmá ti tutù. Kì í ṣe òtútù àfagbárafà ti ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn, tí ìgun kan ń tutù tí ìgun kejì ń gbóná. Gbogbo yàrá ló rọ̀ wọ̀ọ̀, ó gbẹ, ó ṣeé sùn. Wọ́n rọra mú Màmá sọdá, wọ́n fi í jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Bí wọ́n ṣe wọlé tán, Télọ̀ ti tilẹ̀kùn, ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ká aṣọ ìnura sí abẹ́ rẹ̀.

“Àǹtí, èyí ò nílò aṣọ abẹ́ ilẹ̀kùn,” Jẹ́jẹ́ sọ. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó kí wọn, ó lọ jẹ́jẹ́.

Àbúrò Télọ̀ dúró lábẹ́ ẹ̀rọ tuntun náà, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè sí i. Ó pẹ́ níbẹ̀.

“Ó tutù,” ó wí. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Àǹtí mi, ọ̀rọ̀ tí mo sọ ni pé bí mo bá bá yàrá Màmá ní gbígbóná. Mi ò bá a ní gbígbóná. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì pè mí. Mi ò ní gbé wọn lọ.”

Télọ̀ kò mọ ìgbà tí omijé bọ́. Ó dì mọ́ àbúrò rẹ̀, ó fi í sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú Màmá. “Màmá, ẹ gbọ́? Ẹ ò lọ síbì kankan mọ́! A jọ wà níbí ni!”

“Mo gbọ́,” Màmá wí. Ó gbé ojú sókè wo ẹ̀rọ náà. “Kò tilẹ̀ pariwo.”

“Bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, Màmá!”

Àbúrò Télọ̀ mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lórí tábìlì.

“O ti ń lọ?” Màmá béèrè.

“Mò ń lọ, Màmá. Ilé ti kún, àwọn ọmọ ti ń retí. Wọ́n ní kí n kí yín.”

“Ó dáa.” Màmá fọwọ́ tẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó tún un tẹ́. “Mo rò pé ẹ̀rọ yìí kò ní ṣiṣẹ́ lónìí ni.”

Télọ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Èmi gan-an rò bẹ́ẹ̀, Màmá! Ẹ̀rù bà mí, àyà mi já!”

Àfi bí ó ṣe wo ojú Màmá, tí Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ojú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tó wà lọ́wọ́ ọmọkùnrin rẹ̀ ló ń wò. Kì í ṣe ojú ẹni tí wọ́n yọ nínú ewu. Télọ̀ mọ ojú yẹn, ó ti rí i lójú ọmọ rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré, nígbàkigbà tí wọ́n bá fẹ́ jáde tí òjò sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. Láti àárọ̀ ni Màmá ti ń béèrè bóyá ọkùnrin yìí ti dé, òun sì ń sọ fún un pé kó má fòyà.

Àbúrò rẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà.

“Dúró,” Télọ̀ sọ fún un.

Ó dìde. Ó gbé àpò ìrìn-àjò kan sọ̀kalẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ṣí i sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá, ó sì ṣí ibi tí aṣọ wà.

“Màmá, èwo ni kí n kó fún yín?”

Màmá kò béèrè pé kí ni ó fẹ́ kó aṣọ ṣe. Kò ronú. “Aláwọ̀ ewé yẹn, pẹ̀lú gèlè rẹ̀. Èyí tó o rán fún mi kẹ́yìn, tí mi ò tíì wọ̀. Ìró méjì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n fúyẹ́. Má kó súwẹ́tà. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi funfun. Dígí mi. Bàtà mi dúdú, èyí tí wọ́n fi ń jáde...”

Ó ń ka wọ́n lọ bẹ́ẹ̀ létòlétò, kò kọsẹ̀ lórí ọ̀kan. Ó ti dé orí bàtà, ọwọ́ Télọ̀ ṣì wà lórí aláwọ̀ ewé.